Ohun tí Ilẹ̀ Ń Rántí



Bí ẹ bá dúró lórí òkè Màpó, tí ẹ wo ìsàlẹ̀ sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrunkà, òrùlé páànù ni ẹ ó rí lọ súà. Òkè náà dúró ṣinṣin lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ta ni yóò gbà pé irú ilẹ̀ báyìí lè mì? Ṣùgbọ́n ó ti mì rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra, ní Gold Coast ìgbà náà, tí í ṣe Ghana lónìí. Ilé wó, ènìyàn sì kú. Accra jìnnà sí wa tó nǹkan bí 500 kìlómítà, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìbàdàn níhìn-ín, àti ní Èkó, àti ní Ilé-Ifẹ̀.

Kí ni ó fà á? Àwọn ibì kan wà tí àpáta ti là láti ìjìnlẹ̀ ilẹ̀, tí apá méjèèjì fara ti ara wọn. Agbára ńlá ń tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n há mọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ tí agbára náà bá borí, wọn a yọ̀ lójijì, ilẹ̀ a sì mì. Irú ibi bẹ́ẹ̀ wà lẹ́bàá òkè Akwapim, nítòsí Accra. Ilẹ̀ ibẹ̀ mì gidigidi ní 1862, ó tún mì ní 1906, kí ti 1939 tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti 1862 dé 1939 jẹ́ ọdún 77. Ọmọdé tí ó rí ti àkọ́kọ́ ti di arúgbó. Bí ó bá jẹ́ 500 ọdún ńkọ́? Ta ni ìbá rántí? Ìbàdàn tí a mọ̀ yìí, nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí i. Ìrántí ènìyàn kúrú.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè. Wọn a wa yàrà jíjìn gba ojú ibi tí àpáta gbé là kọjá, wọn a sì yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ rántí bí a ti ń mọ ilé alámọ̀. Bí ọ̀mọlé bá mọ ìpele mẹ́ta, tí ògiri sì là, tí ó wá mọ ìpele kẹrin lé e, ojú lílà náà yóò dúró lábẹ́ ìpele kẹrin. Ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ pé ó ti là kí a tó mọ èyí tí ó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ rí: odò a máa kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ lé ara wọn, ìpele lórí ìpele.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọdún rẹ̀? Nípa èédú tàbí ewéko tí ó há sínú ìpele náà ni. Ohun kan wà nínú igi tí ó máa ń dín kù láti ọjọ́ tí igi bá ti kú. Lẹ́yìn nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ni yóò kù. Ẹni tí ó bá wọn ìyókù yóò mọ ọjọ́ orí èédú náà.

Ní Pallett Creek, ní Califonia ti Amẹ́ríkà, Kerry Sieh lo ọ̀nà yìí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ìwádìí ibẹ̀ fi ìmìtìtì ńlá bíi mẹ́wàá hàn. Ti 1857 ni ó kẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé ní agbègbè náà.

Ilẹ̀ tiwa kò rí bí ti Califonia, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáyà. Àmọ́ ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó sì dé Ìbàdàn. Ní 2000 a tún mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Pé baba wa kò sọ ọ́ fún wa kò fi hàn pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé, kí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀ dáadáa, kí ó má sì fi owó sìmẹ́ńtì ṣeré.