Ewúro, Àsùnwọ̀n àti Ìwọ̀n: Ìtàn Fífọ Inú ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé níbo ni ìlera ti ń bẹ̀rẹ̀, inú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò tọ́ka sí. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Inú ni ayọ̀ ń gbé, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé inú ẹnì kan dùn. Inú kan náà ni ìbínú ti ń ru jáde. Aláàánú ni à ń pè ní onínúure, ẹni tí kò sì di ìkà sínú ni à ń sọ pé inú rẹ̀ mọ́. Inú yìí kan náà ni oúnjẹ ń lọ. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé fífọ inú jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà tọ́jú ara: ìkòkò àgbo a máa gorí iná nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn ọdún tí jíjẹ àti mímu ti pọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí gbà pé fífọ inú túmọ̀ sí kí a yàgbẹ́ títí inú yóò fi ṣófo. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni òpó tí àṣà náà dúró lé. Nígbàkígbà tí a bá sì yẹ òpó yìí, ìbáà ṣe lọ́wọ́ òyìnbó, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, oògùn a máa di àìsàn.

Aràn inú àpò

Ní ọdún 1985, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Yoruba Medicine. Anthony Buckley ni ó kọ ọ́, lẹ́yìn tí ó ti jókòó ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Lára ohun tí wọ́n là yé e ni pé aràn àti àwọn kòkòrò mìíràn ń gbé nínú ara gbogbo ènìyàn, nínú àpò tiwọn. Bí wọ́n bá wà níwọ̀n, wọ́n ń ṣe ara lóore, wọ́n tilẹ̀ ń ṣèrànwọ́ kí oúnjẹ lè dà. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn yóò kún àpò náà ní àkúnwọ́sílẹ̀, àìsàn yóò sì dé. Ohun dídùn ní ń mú wọn pọ̀, ohun kíkorò ní ń dín wọn kù. Iṣẹ́ oògùn, nítorí náà, kì í ṣe láti pa wọ́n run pátápátá bí kò ṣe láti dá wọn padà sí ìwọ̀n.

Èyí ni ó wà nídìí ìkìlọ̀ tí gbogbo ọmọ Yorùbá ti gbọ́ rí, pé àjẹjù ṣúgà ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Kò tọ́ kí a sọ pé àwọn oníṣègùn àtijọ́ ti mọ ohun tí à ń pè ní bakitéríà, nítorí wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń rí i. Ìmọ̀ òde òní kò sì gbà pé aràn ń da oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ òde òní kan náà ti fi hàn pé àìmọye bakitéríà ń gbé nínú ìfun, pé wọ́n ń bá ara ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ tí ìfun kò lè dà fúnra rẹ̀, àti pé wàhálà a máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò wọn bá dàrú. Orúkọ yàtọ̀, ẹ̀dá tí à ń sọ yàtọ̀, àmọ́ èrò pé ohun tí ń gbé nínú wa gbọ́dọ̀ wà níwọ̀n kò jìnnà síra.

Ewúro àti ìgbà òjò

Nínú àwọn ewé kíkorò, ewúro ni ó gbajúmọ̀ jù. A ń fọ̀ ọ́ se ọbẹ̀, a sì ń fún omi rẹ̀ mu. Ẹ̀rí kan nípa agbára rẹ̀ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, ní òkè Mahale ní orílẹ̀-èdè Tanzania, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Michael Huffman àti Mohamedi Seifu, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó mọ ewé dunjú, ń ṣọ́ ìnàkí kan, ẹ̀yà tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Ara ẹranko náà kò yá. Ó já ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, ó jẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀ lẹ́nu, ó fa omi kíkorò náà mu, ó sì tu háhá rẹ̀ nù. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń yá. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 1989. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ìgbà òjò ni àwọn ìnàkí Mahale ń jẹ ewúro báyìí jù, nígbà tí aràn ìfun máa ń pọ̀ lára wọn.

Ìdí tí òjò fi kan ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ẹyin aràn nílò ilẹ̀ tútù tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ó tó lè gbó. Oríṣi aràn kan tilẹ̀ wà tí ọmọ rẹ̀ ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọnú ara. Àgbàrá òjò a sì máa gbá ẹ̀gbin lọ sínú kànga àti odò. Ìdílé tí ó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ ewúro lemọ́lemọ́ nígbà òjò kò ṣe ohun àìnídìí. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé oúnjẹ ni ewúro. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ ń fi ọbẹ̀ tọ́jú inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìdúró de àìsàn.

Ohun tí orúkọ ewé ń sọ

Bí a bá fẹ́ kí inú tí ó le rọ̀, àsùnwọ̀n ni ewé tí a mọ̀. Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni àsùnwọ̀n ìbílẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Senna podocarpa. Ìkejì ni àsùnwọ̀n òyìnbó, Senna alata, tí òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó sì dúró ṣánṣán bí àbẹ́là. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ooru ti ń mú ni èyí ti wá, orúkọ rẹ̀ sì pa ìtàn náà mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti pa tirẹ̀ mọ́. Ìbẹ́pẹ pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà wá. Nítorí náà, ìkòkò àgbo kò fìgbà kan dé pa. Ohun tí ó bá dé tí ó sì wúlò, àwọn àgbà a dán an wò, wọn a sọ ọ́ lórúkọ, wọn a sì fi kún tiwọn.

Àwọn onímọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi ọwọ́ ìwádìí kan àwọn ewé wọ̀nyí. Ní ọdún 1989, Anthony Elujoba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí bí àsùnwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń mú ni yàgbẹ́. Èròjà inú rẹ̀ a máa kọjá sínú ìfun ńlá, bakitéríà ibẹ̀ ni yóò sì yí i padà kí ó tó ṣiṣẹ́. Èyí a máa gbà tó wákàtí 8 sí 12, ìdí nìyí tí ẹni tí ó mu ún lálẹ́ fi ń lọ sí ìyàgbẹ́ láàárọ̀. Ní ọdún 2007, J. A. O. Okeniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọmọ 30 tí aràn wà nínú ìgbẹ́ wọn ní hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí a pò mọ́ oyin, wọ́n sì fún ọmọ 30 mìíràn ní oyin nìkan. Inú ọmọ 23 mọ́ ní ẹgbẹ́ àkọ́kọ́; ọmọ 5 péré ni tiwọn mọ́ ní ẹgbẹ́ kejì. Ìwádìí kékeré ni, kò sì tó láti fi sòfin, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe àlá lásán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omidùn, omi tí ó máa ń lé sókè lórí ògì, tí wọ́n sábà ń rẹ ewé àgbo sí. S. A. Odunfa ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ṣèwádìí lórí ohun tí ń mú ògì kan, bakitéríà tí ń kan oúnjẹ láìbà á jẹ́ sì wà nídìí rẹ̀.

Ìgbà tí ìwọ̀n sọnù

Àwọn tí wọ́n rò pé ọmọ aláwọ̀ dúdú nìkan ní ń ṣàṣejù nínú fífọ inú kò ka ìtàn dáadáa. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19, bí ibà bá dá òyìnbó wó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn dókítà wọn a máa da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì fún un ní calomel, oògùn ìyàgbẹ́ líle tí a fi mẹ́kúrì ṣe. Itọ́ a máa dà lẹ́nu aláìsàn, eyín rẹ̀ a sì máa mì. Nígbà tí ìrìn àjò ńlá lọ sí Odò Ọya ní ọdún 1841, nǹkan bí 40 òyìnbó ni ibà pa. Ajàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò náà. Ó tún wà nínú ti ọdún 1854 tí Baikie ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń lo kuníìnì lójoojúmọ́ kí ibà má baà mú wọn. Òyìnbó kankan kò kú ní ọjọ́ yẹn. Ohun tí ó gba ẹ̀mí là ni dídènà àìsàn. Gbígbọn inú gbẹ kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ibi tí àṣejù ti pa ni lára jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé ìgbẹ́ gbuuru tí ń yọ ọmọ lẹ́nu nígbà tí eyín bá ń hù ń fọ inú rẹ̀ ni, nítorí náà wọn kì í wá ojútùú. Àwọn mìíràn a tún rọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àgbo ìyàgbẹ́. Omi àti iyọ̀ ara ọmọ a sì máa tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, wà lára àwọn tí ó gbógun ti èyí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìjọba tan ẹ̀kọ́ kálẹ̀ pé kí a fún ọmọ tí ń ṣu gbuuru ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ wo bí ìtàn ṣe yí: ṣúgà tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù, nígbà tí a fi ìwọ̀n pò ó mọ́ iyọ̀ àti omi mímọ́, ni ó ń bá ara gba omi padà.

Lóde òní

Àṣà fífọ inú lásìkò kò kú. Ó paṣọ dà ni. Ní ọdún 2001, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí oògùn aràn máa dé ọ̀dọ̀ ìdá 75 ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ iléèwé tí aràn ń halẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń lò ó ní ibi tí aràn bá wà níwọ̀nba, ẹ̀ẹ̀mejì ní ibi tí ó bá pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni àwọn olówò ń polówó oríṣiríṣi omi inú ìgò tí wọ́n ní yóò fọ gbogbo ìdọ̀tí inú ara láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni Ẹlẹ́dàá fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń mu oògùn ìyàgbẹ́ lemọ́lemọ́ lè pàdánù pọtáṣíọ̀mù ara rẹ̀, kí ó sì di ẹni tí ó rẹ̀ tẹnutẹnu, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà kò ṣìnà nígbà tí wọ́n ní kí a tọ́jú inú. Ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀, ẹ̀wà, èso, ògì tí ó kan dáadáa, omi mímọ́ àmutẹ́rùn, ọwọ́ tí a fọ̀ kí a tó jẹun, bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ nígbà òjò, oògùn aràn ní àsìkò rẹ̀: ìwọ̀nyí ni ìfọnú tí kò ní ẹ̀hónú. Bí inú bá ń run ni láìdábọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ wá, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìkòkò àgbo tí àwọn baba ńlá gbé kaná ní ìwọ̀n nínú. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni ogún tí ó yẹ kí àwọn ọmọ gbà.