Ẹ̀fẹ̀ Inú Ìwé Ìròyìn: Akínọlá Láṣekan àti Iṣẹ́ Ayàwòrán Òṣèlú

Ní Kétu, níbi tí ọ̀pọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu fi orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Á kí àwọn ìyá wa, á súre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin bá ọ̀lẹ, olè àti ìjòyè tí ó ń lo ipò rẹ̀ láti fi ìyà jẹ aráàlú wí. Ẹni tí orin náà bá bá kò gbọdọ̀ gbẹ̀san, nítorí ìlú ni ó rán Ẹ̀fẹ̀ níṣẹ́, àwọn ìyá sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀fẹ̀, ni èdè wa fi ń pe àwàdà, òun náà ni a sì ń lò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwòrán ẹ̀fẹ̀, èyí tí ìwé ìròyìn fi ń bá alágbára wí.

A fẹ́ wo iṣẹ́ Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tí àwọn òpìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nínú ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀; ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, Ọ̀wọ̀ sì wà ní ìlà-oòrùn. Ìbéèrè kan ni ó mú wa fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ta ni ó ń dáàbò bo ẹni tí ó ń fi alágbára ṣe ẹ̀fẹ̀, kí sì ni onítọ̀hún ń san fún ààbò náà?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Èkó

Nígbà tí Láṣekan wà ní ọ̀dọ́, kò sí yunifásítì ní Nàìjíríà tí ó lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ àwòrán. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó gbà kẹ́kọ̀ọ́: àwọn ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i, òun náà ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ padà. Ó ya àwòrán sínú ìwé fún ilé ìtàwé CMS ní Èkó, ó sì ń fi ọ̀dà ya àwọn ènìyàn àti àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà tí Aina Onabolu ti là sílẹ̀ ni ó tọ̀, pé kí ojú inú àwòrán jọ ojú ẹni tí a yà gan-an. Kenneth Murray, olùkọ́ ará Ìlú Ọba tí ó dé sí Nàìjíríà ní 1927, ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ pé kí wọ́n dúró ti iṣẹ́ ọnà àbáláyé.

Ọ̀nà tí Láṣekan yàn yìí ni ó wúlò fún un nígbà tí àkókò tó. Ẹni tí kò bá lè ya imú gómìnà bí ó ti rí, kò lè fà á gùn kí aráyé sì tún mọ imú ẹni tí í ṣe.

Ilé Azikiwe

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, 1937, Nnamdi Azikiwe dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó. Ó ti kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì ti ṣe olóòtú ní Accra, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1936 lórí ẹ̀sùn pé ó ń ru ará ìlú sókè. Ní ọdún kan náà, ní ìhà tiwa, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà lẹ́yìn La Voix du Dahomey ń jẹ́jọ́ níwájú adájọ́ Faransé. Ààlà tí àwọn amúnisìn fà kò yí ewu inú iṣẹ́ ìwé ìròyìn padà.

Ní 1944, Láṣekan wọ ilé iṣẹ́ Pilot. Ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀ Nigeria in Cartoons jáde ní Èkó, ọdún yẹn náà sì ni a dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ rẹ̀, tí Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ayàwòrán yìí ti so mọ́ ìjà ìlú, tí ó sì ti so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn.

Ilé náà kì í ṣe ilé ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù wọn kò sì tó nǹkan mọ́. Pilot gbè lẹ́yìn wọn. Ní oṣù Keje, ìjọba fòfin de Pilot àti ìkejì rẹ̀, Daily Comet, fún ìgbà kan.

Iṣẹ́ ojúmọ́

Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kì í dúró de ẹ̀mí tí yóò gbé ayàwòrán. Ìròyìn á wọlé, òun á sì yan ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí àwòrán kan lè gbé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ohun tí ojú àwọn ènìyàn mọ̀ láti fi gbé e kalẹ̀: owó orí lè di ẹrù lórí tálákà, òfin tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lè di ẹ̀wù tí kò bá ẹni tí a rán an fún mu. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le jù. Ọwọ́ lè yára. Wíwá àfiwé tí kò ní béèrè àlàyé ni ó ń gba àkókò.

Ẹ̀rọ náà ní òfin tirẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò àwòrán náà, wọ́n á gbé e sára awo síǹkì, ásíìdì á sì jẹ gbogbo ibi tí kò yẹ kí yíǹkì kàn. Irú awo bẹ́ẹ̀ kò mọ àwọ̀ eérú: dúdú ni tàbí funfun. Nítorí náà, bí ayàwòrán bá fẹ́ òjìji, ìlà wẹ́wẹ́ ni yóò fà lé ara wọn títí ojú yóò fi gbà pé ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Láṣekan máa ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán kí oníwèé má baà ṣìnà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kàwé náà lè rí ẹni tí ó sanra àti ẹni tí ó rù, ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó ru ẹrù. Ní igun àwòrán, ó ń kọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Lash. Ẹ̀fẹ̀ ń fi agọ̀ bojú lóru. Ayàwòrán yìí ń fi ọwọ́ sí ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Nígbà tí ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ń bá wí yí padà

Láṣekan lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Hammersmith, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣèlú ti yí. Ní oṣù Kẹrin 1951, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ẹgbẹ́ Action Group fáyé rí. Ìlú tí wọ́n ti ṣe é ni Ọ̀wọ̀, ìlú Láṣekan fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ẹ̀fẹ̀ Pilot ń bá wí mọ́. Azikiwe ni akọni nínú ọ̀pọ̀ àwòrán. Awólọ́wọ̀ ni a fi hàn bí ẹni tí ó fẹ́ pín ìlú sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nigerian Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, wà ní òdìkejì, ó ń sọ tirẹ̀.

Ó rọrùn láti pe Láṣekan ní ẹni tí ó kọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó wà nínú NCNC. Adélabú ti Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ẹni tí ó fẹ́ Nàìjíríà kan ṣoṣo lè gba ohun tí ó yà gbọ́ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbójú fo èyí: ilé tí ó fún un ní àyè láti dojú kọ gómìnà ni ilé kan náà tí ó ní ọ̀tá tirẹ̀, àti olúwa tirẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a dì mú

Ibí ni Ẹ̀fẹ̀ Kétu àti ẹ̀fẹ̀ Èkó ti yapa. Gbogbo ìlú ni ó ń bo Ẹ̀fẹ̀, nítorí náà ó lè yí orin rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Ẹnì kan ni ó ń bo ayàwòrán ìwé ìròyìn. Ó lè bá gbogbo ayé wí, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó bá ẹni náà wí. Láìsí ààbò yẹn, àwòrán tí ó bá ìjọba amúnisìn jà kì bá tí jáde. Owó tí Láṣekan san fún un nìyẹn, ó sì pọ̀.

Nígbẹ̀yìn, Láṣekan di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì Nsukka àti ti Ifẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá lo àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ bí ẹ̀rí ìtàn, kí wọ́n wo ẹni tí a fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n wo bí a ti ṣe é, kí wọ́n má sì gbàgbé láti wá ẹni tí a kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá nínú ìwé ìròyìn náà. Ẹni tí kò sí nínú àwòrán ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ni ín.