Owó Ìdógò Kì í Ṣe Owó Ìkìlọ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ gba ilé l'Ékòó, owó ilé nìkan kọ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó àgírímẹ́ǹtì wà ńbẹ̀, owó kọmíṣọ́ọ̀nù ajẹ́ǹtì wà ńbẹ̀, owó mìíràn sì tún wà tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n. Owó yìí ni onílé ń mú dání, bóyá ayálégbé lè fọ́ gíláàsì fèrèsé, tàbí kó ba ilẹ̀kùn jẹ́, tàbí kó jẹ gbèsè iná sílẹ̀ kó tó kó jáde. Bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́, ó yẹ kí owó náà padà sọ́wọ́ ẹni tó san án. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá pè é, tó jẹ́ pé ìwé atúmọ̀ èdè ló kọ́kọ́ ṣí, yóò pè é ní owó ìkìlọ̀. Orúkọ yẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí owó ń jáde lápò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti ní ìdógò láti ọjọ́ pípẹ́: ohun tí a fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, tí a ó sì gbà padà nígbà tí ọ̀ràn bá parí. Ẹni tó gbọ́ owó ìdógò kò nílò lọ́yà kó tó mọ̀ pé òun ní owó kan láti bèèrè lọ́jọ́ tí òun bá ń dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá fún iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde láti inú ohun tó so àwọn tó wà nínú ọ̀ràn náà pọ̀: ta ló jẹ ta ní kí ni, títí di ìgbà wo. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá fi pè é lè dúró ná.

Ẹ wo ìwé tí àwọn ènìyàn ń pè ní kúìtì. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ìwé ìlénijáde ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, èyí tí kò kan Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, sọ pé bí àdéhùn kò bá ti dárúkọ iye ọjọ́, ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù kan, ẹni tó ń san án lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́fà. Nígbà tí àsìkò yẹn bá pé ni ìwé ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e, tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sílé ẹjọ́ láti gba ilé òun. Nínú ìwé méjèèjì, kò sí èyí tó lé ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹrù jáde. Ṣùgbọ́n ayálégbé tí wọ́n sọ fún pé ìwé ìlénijáde ti dé lè máa di ẹrù lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí kó gbé ìjà tí kò yẹ kó jà. Àwa tí a ń pe ọjà ní ọrọọrún, tí a ń pe ìpàdé ní ìtàdógún, mọ bí a ṣe ń fi òǹkà ọjọ́ sọ nǹkan lórúkọ. Ìwé olóṣù mẹ́fà àti ìwé ọlọ́jọ́ méje tó. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ìwé náà ti gbọ́ iye àsìkò tó kù fún un.

Ti ilẹ̀ le ju ti ilé lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò péye lè mú kí ènìyàn rò pé òun ra ohun tí òun kò rà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé C of O (Certificate of Occupancy) ni ìwé tó sọ ilẹ̀ di tiwọn títí ayé. Àmọ́ láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí lọ́wọ́ nítorí gbogbo ará ìlú. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ìwé náà ń fúnni, ó sì ní gbèdéke, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọdún 99. Bí ẹni tó ní in bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn, àfi kó gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Nítorí náà, ìwé ẹ̀tọ́ ìlolẹ̀ ló yẹ ká máa pè é. Owó tí ẹni tó ní ìwé yìí ń san fún ìjọba lọ́dọọdún lórí ilẹ̀ náà sì ti ní orúkọ kí ìjọba tó dá a sílẹ̀ rárá: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ìṣákọ́lẹ̀ ni àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san láti fi hàn pé àwọn mọ ẹni tó nilẹ̀. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ náà ń bu ènìyàn kù, pé ẹni tó fi òbítíbitì owó ra plọ́ọ̀tì ní Lẹ́kkí kò ní fẹ́ kí a kà á mọ́ àwọn aroko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Mo gbà pé yóò ká a lára. Ohun tó ká a lára yẹn gan-an ni òfin sọ, ó sì dára kó gbọ́ ọ kó tó sanwó.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ríran rí ewu yìí. Nígbà tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, pe ẹjọ́ nítorí ilẹ̀ Apápá tí ìjọba gbà, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London, wọ́n sì dá a láre ní 1921. Lord Haldane tó sọ ìdájọ́ náà kìlọ̀ pé ó rọrùn fún ènìyàn, láìfura, láti mú ọ̀rọ̀ tó bá òfin Gẹ̀ẹ́sì mu kó sì fi wọ ìnílẹ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn. Ọ̀nà méjì ni ìkìlọ̀ yẹn bá wa wí lónìí. Bí fífi Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀ràn Yorùbá ṣe lè jẹ ènìyàn ní ìyà, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi Yorùbá tí kò wọ̀ bo ọ̀ràn tí òfin ìjọba dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti bàjẹ́ lójú wa báyìí, ọmọ onílẹ̀. Orúkọ ọlá ni fún ẹni tí bàbá rẹ̀ nilẹ̀. Lónìí, ó ti di orúkọ àwọn tó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, títí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin láti dá wọn lẹ́kun ní 2016. A kò lè fọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Nínú ìwé àdéhùn, ẹbí tó nilẹ̀ ni kí a máa kọ.

Àárín onílé àti ayálégbé ni ajẹ́ǹtì wà. Alágbàtà ni àwọn kan ń fẹ́ kí a máa pè é, ṣùgbọ́n alágbàtà ń ra ọjà lọ́wọ́ olóko, ó ń fi èrè lé e, ó ń tà á. Ajẹ́ǹtì kò ra ilé náà. Orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lójú tèmi ni alárenà. Alárenà ló ń lọ wádìí ìdílé méjèèjì kí ọ̀rọ̀ ìyàwó tó wọ̀. Ajẹ́ǹtì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ń wádìí àdúgbò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó mọ òpópónà tí omi máa ń yalé nínú òjò oṣù June àti èyí tí kò yalé. Ó mọ̀ bóyá omi kànga ibẹ̀ ń rùn, bóyá tíráńsífọ́mà wọn ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mélòó, bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé ń ṣe ìṣọ́ òru, àti èyí tí àwọn tó ń wálé l'Ékòó kì í gbàgbé láti bèèrè: ṣé onílé ń gbé inú ọgbà náà? Ìpolówó onígẹ̀ẹ́sì á kọ pé àyíká náà parọ́rọ́, ó tán. Bí alárenà bá ní “omi kì í yalé níbẹ̀,” ó ti sọ ohun tí ènìyàn lè dì í mú fún bí omi bá yalé. Wọ́n á ní ajẹ́ǹtì tó ń gba owó kí ènìyàn tó fojú kan ilé kò yẹ fún orúkọ rere bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà kò gbóríyìn fún un, iṣẹ́ ló gbé lé e lọ́wọ́. Ìdílé méjèèjì ló ń bi alárenà tó bo àléébù mọ́lẹ̀. Bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, alárenà a máa yẹ̀ba ni. Ajẹ́ǹtì tó tún ń béèrè kọmíṣọ́ọ̀nù nígbà tí ayálégbé ń san owó ọdún kejì yóò ṣòro fún un láti fi orúkọ yẹn gbà á.

Nínú ilé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tá a nílò kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Pálọ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, plọ́ọ̀tì ti di ọmọ ilé, kò sídìí láti lé wọn. Ohun tí plọ́ọ̀tì nílò ni kí olùtà sọ ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, nítorí 60 sí 120 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbì kan, 50 sí 100 níbòmíràn. Àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ láàárín 1979 sí 1983 ni àwọn ará Èkó fi orúkọ ẹni tó kọ́ wọn pè, ilé Jakande, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e. Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ láti ṣe ni bọ́ìsì kọ́tà. Ilé kékeré tí àwọn Òyìnbó amúnisìn kọ́ sẹ́yìn ilé ńlá fún àwọn ìránṣẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, tọkọtaya tó ń fi owó ara wọn gbé ibẹ̀ kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ilé ọmọ ọ̀dọ̀ kò tọ́. Ilé ẹ̀yìnkùlé sọ ibi tó wà, ó sì fi ọ̀wọ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn. Bákan náà, ọ̀nà gbọọrọ tó la àárín ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ kọjá ló yẹ ká máa pè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ ti ẹnì kan, gbogbo ilé ló ń gbá a, kò sì sẹ́ni tó lè gbé ẹrù dí i.

Ẹ́sítéètì ló ṣòro fún mi jù. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí agboolé, mo sì lòdì sí i, torí ẹ̀jẹ̀ ló so agboolé pọ̀, ó sì ní baálé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 kọ́ Bódìjà n'Íbàdàn, àwọn tí kò mọ ara wọn rí ló lọ gbé ibẹ̀. Lójú tèmi, ìtún àwọn Ìjẹ̀bú súnmọ́ ọn jù: apá kan ìlú, tí ìdílé oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, tó sì ní olórítún. Alága ẹ́sítéètì tó ń pe ìpàdé lórí géètì àti owó ọlọ́dẹ ń ṣe iṣẹ́ olórítún. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè kan ni, pé ará Ọ̀yọ́ kò ní gbọ́ ọ. Ará Ọ̀yọ́ ti kọ́ ẹ́sítéètì, kò ní ṣòro fún un láti kọ́ ìtún.

Àtakò tó lágbára jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àdéhùn, kí wá la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe? Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí a ka ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ tẹ ìka sí fún un, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní láti jẹ́ ní èdè tó gbọ́. Nítorí náà, àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì tí irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní Mushin tẹ ìka sí ti di Yorùbá lẹ́ẹ̀kan kó tó di àdéhùn, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kà á bá sì lò ni ohun tí ayálégbé mọ̀ pé òun gbà. Àwọn onímọ̀ wa ti ṣe Èdè Ìperí Yorùbá ní 1984 àti 1990 fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin sì jáde ní 1991, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ kò sí nínú èyí tí wọ́n gbájú mọ́. Àwọn lọ́yà àti akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ń ka irú ìwé yìí sókè ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwé èdè ìperí fún iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ lọ, kó tó kan yunifásítì.