Ikú Àwọn Ológun Nígbà Ogun àti Nígbà Àlàáfíà

Ìbọn ọ̀tá nìkan kọ́ ló ń pa ológun. Jàǹbá ọkọ̀, àìsàn àti ìjàǹbá níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń pa wọ́n nígbà tí ìlú rọ̀ pàápàá.

Àpẹẹrẹ tó dunni jù ní Nàìjíríà ni ti jàǹbá bàálù ní Èjìgbò, ní Èkó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992, bàálù Hercules C-130 ti àwọn ológun òfúrufú gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Kàdúná. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi já sínú irà. Ó lé ní 150 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá ológun tó wà ní ipò méjọ̀. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Iye òkú nìkan lè tan èèyàn jẹ, torí iye ológun fúnra rẹ̀ máa ń yí padà. Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1967, nǹkan bí 10,000 ni ológun wa; nígbà tó parí ní 1970, wọ́n ti tó 250,000. Bákan náà, ológun Amẹ́ríkà tó kú ní 1980, tí wọn kò ja ogun, pọ̀ ju àwọn tó kú ní 2005, nígbà ogun Ìráàkì. Àmọ́ gbogbo ológun Amẹ́ríkà ní 1980 pọ̀ púpọ̀ ju ti 2005 lọ. Ó yẹ ká máa ṣírò iye tó kú nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní la máa ń rántí àwọn ológun Nàìjíríà tó ti kú. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń ṣe ìrántí náà, ẹ má yọ orúkọ ẹni tí jàǹbá pa lẹ́nu iṣẹ́ kúrò.