Ọ̀nà Kan Ò Gun Òkè: Ìtàn Àwọn Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Adó-Àwáyè àti Àwọn Òkè Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó yẹ ká fi kún un pé ọ̀nà kan ò gun òkè. Lónìí, bí àlejò bá dé Adó-Àwáyè, ìlú tó wà ní nǹkan bí ogún kìlómítà sí Ìsẹ́yìn, ọ̀nà kan ni wọ́n máa fi hàn án: àtẹ̀gùn símẹ́ńtì tí àwọn tó máa ń kà á ń pè ní 369. Àlejò á gùn ún, á mí hẹlẹ, á ya fọ́tò, á sọ̀kalẹ̀. Yóò wá rò pé báyìí ni wọ́n ti ń gun òkè náà láti ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àná òde yìí ni símẹ́ńtì dé. Àwọn baba ńlá wa ti ń gun òkè yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ símẹ́ńtì, kì í sì í ṣe eré ìgbafẹ́ ló ń gbé wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Òkè-Ògùn tí a ń wí yìí kò bá Ògún onírin tan. Odò Ògùn ni, odò tó sun láti apá Ṣakí, tó sì ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. "Òkè" inú orúkọ náà sì ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu wa: ibi tó ga, àti apá ibi tí odò ti ń bọ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì bá ilẹ̀ náà mu. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, tí koríko gbalẹ̀ lọ súà, igi sì wà káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀dàn yìí ni àpáta akọ ńláńlá ti yọ orí sókè: Òkè Àṣàbárí ní Ṣakí, Òkè Ìyá Mọ̀pó ní Ìgbẹ́tì, Òkè Adó ní Adó-Àwáyè, àti ọ̀pọ̀ mìíràn tí wọn kò lókìkí. Ẹni tó bá dúró lórí ọ̀kan nínú wọn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ kò bá bo ojú ọ̀run, á rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

Kí ló dé tí ènìyàn máa fi ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, tí á lọ kọ́lé sórí àpáta? Ogun ni. Ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń jà láti ìlà-oòrùn, ọmọ ogun Dahomey náà ń jà láti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀rù Dahomey kò tán lára àwọn ará ibẹ̀ títí ọ̀rúndún náà fi ń lọ sópin: ọdún 1886 ni wọ́n pa Kétu run, ìgbà tí àwọn Faransé sì borí Dahomey láàárín ọdún 1892 sí 1894 ni ọkàn àwọn ènìyàn tó balẹ̀. Òkè-Ògùn wà láàárín àwọn méjèèjì bí ẹran tó wà láàárín ìkookò méjì. Ẹṣin kì í sáré lórí àpáta. Ẹlẹ́ṣin tó gbójú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á di ẹni yẹpẹrẹ ní ẹsẹ̀ òkè, nítorí òkúta kan tí wọ́n yí láti òkè lè lé ènìyàn mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìdí rèé tí òkè fi di odi, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ ọ́n.

Ìtàn ìlú Adó sọ pé orí òkè ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀dó, àti pé àwọn ará Àwáyè sá wá bá wọn nígbà tí ogun Dahomey dé bá wọn. Bí orúkọ méjèèjì ṣe so pọ̀ nìyẹn. Ní Òkèihò, ohun tó jọ èyí ló ṣẹlẹ̀. Ìlú kéékèèké bíi mọ́kànlá ló kó ara wọn jọ sí ibi ààbò kan láàárín àwọn òkè, kí wọ́n lè fi ẹnu kan bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Orúkọ ìlú náà gan-an ń sọ ìtàn ara rẹ̀: òkè, àti ihò. Ẹni tó bá ń wá ibi ìsádi, kí ló tún kù tó fẹ́?

Omi ló kù. Òkè tí kò ní omi, pańpẹ́ ni fún àwọn tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀tá kò ní láti gùn ún rárá, á kàn jókòó sísàlẹ̀, á máa retí kí òùngbẹ ṣe iṣẹ́ fún un. Ìdí rèé tí Ìyákẹ́, adágún tó wà lórí Òkè Adó, fi ju ohun tí à ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ. Àpáta akọ kì í fa omi mu. Níbi tí kòtò bá wà nínú rẹ̀, omi òjò á dúró síbẹ̀. Àwọn ará Adó ní Ìyákẹ́ kì í gbẹ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń bọ ọ́ bí òrìṣà tó ń fún àgàn lọ́mọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Omi tó gba ìyá àti ọmọ là lọ́jọ́ ogun, kí ló kù kó tó di olómọyọyọ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀? Àwọn ènìyàn máa ń pariwo pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ láyé, pé èkejì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ta ló ka gbogbo adágún ayé tán? Iyì Ìyákẹ́ kò dúró lórí òǹkà yẹn. Ó dúró lórí pé òun ló sọ òkè di ilé.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ọ̀nà báyìí. Òkè tí ìlú bá wà lórí rẹ̀ kò lè ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Oko wà nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ wà, nítorí iṣu kì í ta lórí àpáta. Torí náà, ọ̀nà oko ní láti wà, èyí tí ẹni tó ru ẹrù lè gbà láì ṣubú: kì í ga jù, ó máa ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ọ̀nà ọjà ní láti wà, tó dojú kọ ìlú tí wọ́n ń bá ná. Ọ̀nà ọdẹ wà, tó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló ń rí i. Ọ̀nà àbọrẹ̀ wà, tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀nà àsálà, nítorí ìlú tó ní ẹnu ọ̀nà kan, bí ọ̀tá bá ti gba ẹnu ọ̀nà náà, ó parí. Lórí Òkè Adó, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní "Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run", àlàfo tóóró láàárín àpáta, tí ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lè bá a lọ. Arìnrìn-àjò òde òní á rẹ́rìn-ín sí orúkọ náà. Èmi máa ń ronú nípa ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Irú ibi báyìí, tí ènìyàn méjì kò lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan tó mú ọfà dání lè sọ́ ọ.

Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀nà àtijọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbà á mọ́? Àpáta kì í gbàgbé. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ fún ìran mẹ́ta mẹ́rin, ojú òkúta á máa dán. Ibi tí obìnrin ti lọ ata tàbí àgbàdo á di kòtò rodo nínú àpáta, kòtò yẹn ló sì ń sọ fún wa pé ilé wà níbí, kì í ṣe àgọ́. Àpáàdì tó fọ́n ká ń sọ bẹ́ẹ̀ náà. Igi oṣè tó dá dúró níbi tí kò yẹ kó wà, pẹ̀lú igi akòko, máa ń tọ́ka sí ahoro. Pèrègún ń tọ́ka sí ojúbọ tàbí ààlà. Ẹni tó bá fi ojú ìtàn wo àwọn nǹkan wọ̀nyí, tó so wọ́n pọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì, ọ̀nà ni yóò yọ sí i.

Ìgbà tí àlàáfíà dé ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ogun Kírìjì parí ní 1893, Dahomey ṣubú, ìdí tí wọ́n fi ń gun òkè sì tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ìjọba àmúnisìn. Captain Ross, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀yọ́, ti gbé agbára Aláàfin lé wọn lórí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ, àwọn ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tuntun sì ń ni wọ́n lára. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fi ọmọ ogun pa iná náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1917, wọ́n kó Òkèihò kúrò ní ibùjókòó àtijọ́ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lónìí. Ṣé ẹ rí i? Òkè tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbọn àti ìwé àṣẹ. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ rọrùn láti kà, ó rọrùn láti gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, títì sì lè dé ibẹ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọ̀nà òkè ti yí padà. Ọ̀nà oko kú, nítorí kò sí ẹni tó ń ti orí òkè lọ sóko mọ́. Ọ̀nà àsálà kú, nítorí kò sí ẹni tó ń lé wọn. Ọ̀nà àbọrẹ̀ ló kù, pẹ̀lú ti àwọn tó ń lọ gbàdúrà, àti ti àwọn arìnrìn-àjò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn: Ìdánrè ní àtẹ̀gùn tí òǹkà rẹ̀ ju 600 lọ, Olúmọ ní Abẹ́òkúta sì ti ní ẹ̀rọ agbéniròkè láti 2006. N kò ní àtẹ̀gùn kò dára. Àgbàlagbà tó fẹ́ bọ Ìyákẹ́, kí ló fẹ́ fi orúnkún rẹ̀ ṣe láìsí i? Ohun tí mò ń sọ ni pé àtẹ̀gùn kan ti ń di gbogbo ìtàn náà. Gbogbo ẹsẹ̀ ń gba ibì kan, koríko sì ń bo ìyókù. Nígbà tí àwọn àgbà tó mọ orúkọ àwọn ọ̀nà yòókù bá kọjá lọ, kò ní sí àtẹ̀gùn tó máa mú wa dé ibẹ̀.

Ẹ wo Scotland. Ní 1891, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Munro to orúkọ àwọn òkè ilẹ̀ wọn tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ sínú ìwé. Títí dòní, 282 ni wọ́n kà, kò sì sí èyí tí wọn kò kọ ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀: apá tí a ń gbà, ibi tí omi wà, ibi tó léwu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè náà, kò sí ìlú kankan lórí wọn rí. Tiwa tí ìlú wà lórí rẹ̀, tí wọ́n bímọ sí, tí wọ́n sìnkú sí, ìwé mélòó ló wà fún un? Ní Colorado pàápàá, nígbà tí ẹsẹ̀ pọ̀ jù lọ́nà adágún wọn, ní 2019 wọ́n ṣòfin pé ènìyàn 615 ni kó máa gùn ún lóòjọ́. Ẹni tó mọyì nǹkan ló ń ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ yìí kò nílò owó ìjọba kó tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí tàbí Ìgbẹ́tì lè mú ọmọ mẹ́wàá, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí ọba àti àwọn abọrẹ̀, kí wọ́n gba àṣẹ, nítorí ojúbọ kì í ṣe pápá ìṣeré. Kí wọ́n bẹ bàbá tàbí ìyá arúgbó kan pé kó dárúkọ àwọn ọ̀nà tó mọ̀, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí àpáta kò yọ̀, kí wọ́n bá ọdẹ ìlú rìn ín láàárọ̀, kí fóònù kan náà máa ya ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan bí ará ibẹ̀ ṣe ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Kí wọ́n má kó àpáàdì wálé o. Ibi tó wà ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ọ̀nà mẹ́ta péré tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lórí òkè kan, ó ti ju ohun tí à ní lónìí lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́ dé, àwọn àgbà náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.