Kí Ni Ọkàn Wà Fún? Àríyànjiyàn Huxley àti William James

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1874, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì péjọ sí Belfast ní ilẹ̀ Áyálándì. Ibẹ̀ ni Thomas Henry Huxley, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó gbóná. Láti ọdún 1637 ni Descartes, amòye ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ lásán ni ẹranko. Huxley ní ẹ̀rọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ní ìmọ̀lára. Ó ń mọ ìrora, ó ń ríran. Àmọ́ ìmọ̀lára yìí kò ṣiṣẹ́ kankan. Bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin ló rí: fèrè ń dún bí ọkọ̀ ti ń lọ, kì í ṣe òun ló ń mú ọkọ̀ rìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn.

Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára. Àkèré tí wọ́n ti gé iwájú ọpọlọ rẹ̀ kúrò ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá jù ú sómi. Bí wọ́n bá gbé e lé ọwọ́, tí wọ́n ń yí ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń rá kí ó má baà ṣubú. Sájẹ́ǹtì ilẹ̀ Faransé kan sì wà tí ọta ìbọn bà lórí ní Bazeilles, nínú ogun tí ilẹ̀ Faransé jà ní 1870. Nígbà tí àìsàn tí ọgbẹ́ náà fà bá dé sí i, bí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kò mọ̀, síbẹ̀ ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń mu sìgá. Lójú tèmi, ohun tí èyí fi hàn ni pé ara lè ṣe àwọn iṣẹ́ kan láìsí ọkàn. Kò fi hàn pé ọkàn kò wúlò rárá.

William James, olùkọ́ ní Harvard, fèsì nínú ìwé àtìgbàdégbà *Mind* ní 1879. Ó ní ọpọlọ ènìyàn lè ṣe ohun púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ohun kékeré fi lè tì í síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ọkàn ló ń ṣà nínú àwọn ohun tí ọpọlọ lè ṣe, tó ń mú èyí tó ṣàǹfààní. Nínú *The Principles of Psychology*, ìwé tó fi ọdún 12 kọ kí ó tó jáde ní 1890, ó fa ọ̀rọ̀ Darwin wọ̀ ọ́, pé ohun tó wúlò fún ẹ̀dá ló ń pẹ́ lára rẹ̀: bí ìmọ̀lára kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí ohun tó lè pa wá fi ń dunni, tí ohun tó ń gbé ẹ̀mí wa ró sì ń tù wá lára? Jíjóná ì bá máa dùn mọ́ wa, kí mímí sì máa roni, kò sì ní sí ohun tí yóò yí padà.

Mo gbà pé kò sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkàn ń gbà ti ara, James pẹ̀lú gbà pé òun kò lè ṣàlàyé rẹ̀.