Fífi Ìwọ̀ Pẹja Lójú Agbami Èkó: Eré Ìdárayá Tó Gba Ọgbọ́n

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín apẹja tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ àti ẹni tó háyà ọkọ̀ lọ sójú agbami kí ó lè fi agbára rẹ̀ wé ti ẹja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkè òkun nìkan ni irú eré ìdárayá yìí wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ 13, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1952, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ K. J. W. Hackett fi ìwọ̀ mú ẹja kúta kan ní Èkó, tó wọn pọ́ùn 83, èyí tó ju kílò 37 lọ. Ẹja yìí wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé gẹ́gẹ́ bí èyí tó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tíì fi ìwọ̀ mú. Ogójì ọdún ni Èkó fi di ipò náà mú, kí wọ́n tó mú èyí tó wọn pọ́ùn 85 ní orílẹ̀-èdè Kiribati ní oṣù Igbe, ọdún 1992.

Ẹnu ọ̀nà òkun

Láti ìhà Àpápá, ẹni tó bá ń lọ sójú òkun gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté. Láyé àtijọ́, òkìtì yanrìn abẹ́ omi ló dí ẹnu ọ̀nà yìí. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ wá sí Èkó ni wọ́n sì ń gbà ní Forcados, kí ọkọ̀ kéékèèké tó gbé e wá. Láti ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá sínú òkun, títí ó fi di ògiri lọ́tùn-ún lósì, kí omi lè máa gbá yanrìn náà lọ. Iṣẹ́ yìí ló ṣílẹ̀kùn fún èbúté Àpápá. Òun náà ló sì fa wàhálà etíkun Bar Beach, nítorí pé ògiri náà dí yanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́wọ́.

Àwọn òkúta wọ̀nyí di ibùgbé ẹja. Kúta fẹ́ràn ibi tí ẹja kéékèèké bá ń fara pamọ́ sí, ìbáà ṣe ìdí òkúta tàbí abẹ́ ọkọ̀ òkun tó dákọ̀ró tó ń retí àtiwọlé. Bí a bá kọjá ibẹ̀ lọ síbi tí omi ti jìn gan-an, ibẹ̀ ni túnà wà, pẹ̀lú marlin, ẹja ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ọ̀pá ìpẹja mélòó kan ni wọ́n máa ń gbé sí ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ yóò máa rìn níwọ̀nba, yóò sì máa wọ́ ìdẹ lẹ́yìn. Wáyà irin ni wọ́n máa ń so mọ́ ìwọ̀ bó bá jẹ́ kúta ni wọ́n ń wá, nítorí eyín rẹ̀ mú bí abẹ. Tí ẹja bá ti gbé e, àwọn yòókù yóò tètè ká okùn tiwọn kúrò nínú omi. Nínú òfin eré náà, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ bá ẹja jà; bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá náà, ẹja yẹn kò lè wọ ìwé àkọsílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe eré yìí ló máa ń dá marlin padà sómi láàyè. Ìdí pàtàkì wà fún un. Akọ marlin kì í sábà ju kílò 160 lọ. Abo ni àwọn tó tóbi jọjọ, àwọn ló sì ń yé ẹyin.

Ìgbà tó yẹ

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti àwọn òyìnbó, láti oṣù Òkúdù sí oṣù Ògún, ni eré yìí gbóná jù lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní Èkó, àkókò yẹn gan-an ni ìgbì máa ń ga, tí òjò sì ń rọ̀. Láti oṣù Bélú sí oṣù Ẹ̀rẹ́nà ni òkun máa ń rọ̀ jù. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n mú kúta ọdún 1952 náà.

Ẹ̀tọ́ àwọn apẹja

Kò jìnnà sí Àpápá ni Ajégúnlẹ̀ wà, ibi tí orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé ajé gúnlẹ̀ sí. Ìlàjẹ, Ìjọ́ àti Ẹ̀gùn, àwọn ẹ̀yà tí iṣẹ́ omi ti mọ́ lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wà lára àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀. Eré ni ẹja jẹ́ fún ẹni tó háyà ọkọ̀. Fún apẹja, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Òfin ẹja pípa lójú òkun ti ọdún 1992 kò gba ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n láyè láti ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí ti wọn pa. Ó tún ka fífi àdó olóró tàbí májèlé pa ẹja léèwọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ eré bá rí ohun tó ń léfòó tàbí àsíá lórí omi, kí ó yí i ká. Àwọ̀n ẹni ẹlẹ́ni lè wà nísàlẹ̀, bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá sì gé e, olówó rẹ̀ ni yóò sunkún.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, kí ó wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kí ó béèrè bóyá rédíò ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ó sì sọ wákàtí tí yóò padà fún ẹni tó wà nílé. Ọkọ̀ òkun tó ń wọ Àpápá kò lè tètè dúró, kò sì lè yà bọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kékeré ló gbọ́dọ̀ yẹra fún un. Ẹja tó bọ́ lónìí, a lè tún rí i lọ́la. Ẹ̀mí tó bá bọ́ kò ní ààrọ̀.